Afárá Inú Orúkọ Dúródọlá

"Ẹ ti gé orúkọ ọmọ mi!"

Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo tẹ̀ sórí páànù tí mò ń gé, mo sì gbójú sókè. Ìyá Dúró ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìwó, àpótí wà lórí rẹ̀, òógùn bò ó lójú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Aláṣọ ni lọ́jà, ẹgbẹ́ mi sì ni, àdúgbò kan náà la ti dàgbà. Bó bá ń kọjá tẹ́lẹ̀, á kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi, á wá yíjú sí mi, á ní irùngbọ̀n mi ti ń funfun bí ẹni tí ọ̀dà ta sí lára. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí yẹ̀yẹ́ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ àpótí náà kalẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí a kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ní, "Ẹ wò ó! Ẹ ti gé e sí wẹ́wẹ́!"

Èmi Rájí, bàbá Sìkírá, ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti darúgbó, ojú mi kò ríran tó ohun tí a fi ń gé lẹ́tà mọ́. Àwọn ọmọ mi ní inú tètè máa ń bí mi, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ lẹ́tà, àfi kó fi sùúrù jókòó, nítorí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ Dúródọlá láìsọ ti iṣẹ́ náà.

Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, kókó ń ya wọ Ìwó láti Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó, kò sì sí àpò kan tó gbọdọ̀ wọ rélùwéè láìní àmì ẹni tó rà á lára. Lọ́rí ń pọ̀ sí i, onílọ́rí kan ò sì ní gbà kí ọkọ̀ òun máa rìn láìsí ọ̀rọ̀ níwájú orí rẹ̀. Ìjọba tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ǹṣì, pátákó, àpótí, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ lẹ́tà. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ kọ gbogbo ìyẹn? Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó la garawa kẹrosíìnì, a ó fi òòlù lù ú títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó wá gé ìrísí lẹ́tà kúrò lára rẹ̀. Bó o bá fi páànù náà lé igi tàbí àpò, tó o fi búrọ́ọ̀ṣì kúkúrú gún ọ̀dà sójú ihò rẹ̀, tó o sì gbé e kúrò, lẹ́tà ti dúró síbẹ̀. "Gún un, má fà á," lọ̀gá mi máa ń wí. Bó o bá fà á, ọ̀dà á yọ́ wọ abẹ́ páànù, lẹ́tà á wá hu irùngbọ̀n.

Ọ̀gá mi ni Alàgbà Oyèkànmí, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Onílẹ́tà. Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, èmi sì jẹ́ ìmàle, ìyẹn ò sì da nǹkan kan rú láàárín wa. Bí àkókò ìrun bá tó, àwọn gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé, "Rájí, omi àlùwàlá rẹ rèé, má jẹ́ kó tutù jù." Lẹ́tà tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ó ga, ó sanra, ó sì fún mọ́ra bí èrò inú lọ́rí lọ́jọ́ ọjà. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé pátákó iwájú lọ́rí kì í gùn, bẹ́ẹ̀ àwọn onílọ́rí wa kì í kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Àlàájì kan wà tó ní ká kọ àdúà kan tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn. Bàbá fún un pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọlé, èèyàn á ṣì rí i kà láti òkèèrè. Àlàájì wò ó títí, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá tún lè fún un pọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ bá mi fi orúkọ ìyá mi kún un."

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́tà O ni wọ́n ní kí n gé. Mo gé e yípo dáadáa, inú mi ń dùn. Bí mo ṣe gé e dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, àárín rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ó ń dún woroworo lọ sábẹ́ tábìlì. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣà á, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Ojú O rẹ rèé," ni wọ́n wí. "Lọ bá mi lẹ̀ ẹ́ padà." Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí tí kò já ojú O bọ́ rí. Bí o bá fẹ́ kí àárín O dúró, tàbí ti D, tàbí ti R, tàbí ti A, o gbọ́dọ̀ fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kó lè di àárín náà mú. Afárá là ń pè é. Ọ̀dà kì í kan ibi tí afárá bá wà, ìdí nìyẹn tí àlàfo fi máa ń wà lára lẹ́tà wa, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ là á kọjá. Àlàfo yìí ni Ìyá Dúró ń nawọ́ sí.

Bàbá ò dìde lórí àga. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. "Ìyá Dúró, ṣé ìkíni ti tán nílẹ̀ ni?"

Ó kúnlẹ̀ wìrì. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo orúkọ ọmọ yìí."

"Mo ti wò ó. Èmi ni mo gé e. Ó wà lára èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti gé."

"Ó dára, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó gé. Ẹ wo D yìí, ó gé lókè, ó gé nísàlẹ̀. Ẹ wo O. U àti L nìkan ló délé nínú gbogbo rẹ̀."

"Kò gé. Afárá ni."

"Bàbá, ẹ ṣáà mọ orúkọ tó ń jẹ́."

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tí obìnrin yìí bí ṣáájú kò dúró. Wọ́n á wá, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á lọ. Nígbà tí èyí dé, wọ́n fún un lórúkọ obìnrin kan inú Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ṣe àmín, ó délé, ó sọ ọ́ ní Dúródọlá. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ń bẹ ọmọ náà pé kó dúró di ọlá tó ń bọ̀. Ọmọ náà sì dúró. Ó dàgbà, ó mọ̀wé, ó wá yege ìdánwò sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan lọ́nà Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ wọ rélùwéè.

"Orúkọ yìí ni okùn tí mo fi so ó mọ́lẹ̀," ni Ìyá Dúró wí. "Ẹ wá gé okùn náà kélekèle, ẹ ní kó gbé e lọ sí ibi tí mi ò ti ní máa rí i?"

Bàbá bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́ràn títí dòní. "Ìyá Dúró, ṣé lẹ́tà ló ń bá ọmọ mí ni? Ìwọ tó ò ń jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ ṣáà bá mi fi ọ̀dà dí i, Bàbá mi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀ yín."

Èmi gan-an ò gbà pé ọ̀dà lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ló ná wa? Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá a dí i kó máa lọ."

Wọ́n yíjú sí mi, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu wọn. "Dí kí ni? Bí a bá dí tòní, lọ́la wọ́n á ní ká po ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ mọ́ ọ̀dà. Ẹni tó bá dí afárá ti ba lẹ́tà jẹ́, ó sì ti fún ìbẹ̀rù lóúnjẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ afárá, kó lọ bá ẹni tó ń fọwọ́ kọ."

Bàbá kì í ṣe ìkà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù ọrùn wọn fún òun, wọ́n á bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ni ìgbéraga kan ṣoṣo tí wọ́n ní láyé, wọ́n sì ti fi ọdún púpọ̀ wàásù pé kí àwọn onígbàgbọ́ yéé bẹ̀rù òjìji. Nǹkan méjèèjì ló pàdé lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Dúró dìde, ó ká òṣùká rẹ̀. Mo fẹ́ bá a gbé àpótí náà rù, ó ní kí n fi sílẹ̀, ó dá a gbé, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, níbi tí mo ti ń sàmì sí àpò kókó tó ń lọ sí Èkó. Mo rí ìyá àti ọmọ lórí pèpéle. Dúródọlá wọ aṣọ funfun, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ bí ìyàwó. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì fi ìka rẹ̀ wọ inú àlàfo O, ó ń fà á lókè sódò.

"Bàbá Sìkírá, ìyá mi ní ẹ gé mi sí wẹ́wẹ́ o," ó ní, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ó dà bí èyí tí wọ́n máa ń kọ sára ẹrù àwọn tó ń lọ sókè òkun."

"Ìwọ náà á lọ," ni mo wí.

"Àmín o. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi kó yé fajú ro."

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí rélùwéè ń mì láti gbéra, mo rí i tó nàgà sí ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọmọ náà mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ariwo rélùwéè ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó wí. Mo kàn ń rí Dúródọlá tó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, tó sì ń rẹ́rìn-ín, títí tí wọ́n fi lọ.

Inú ọyẹ́ ni ìròyìn dé. Yírùnyírùn, àrùn tí í mú ọrùn gan, ló wọ ọgbà ilé-ìwé náà. Ìyá Dúró gbọ́ pé ara ọmọ ò yá, ó wọ rélùwéè tó kọ́kọ́ kọjá, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, wọ́n ti sin ín. Nítorí àrùn náà ń ràn, wọn ò jẹ́ kó kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n á ti yàrá náà pa títí àrùn á fi lọ, wọ́n á wá fi ẹrù ránṣẹ́. Ó padà sí Ìwó lọ́wọ́ òfo. Láílà ílálàhù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó wọ lọ́rí wá sí ìlú, kò lọ sílé, ṣọ́ọ̀bù wa ló kọ́kọ́ wá. Ó dúró síta. Bàbá ti gbọ́, wọ́n sáré dìde láti kí i kú ìrọ́jú. Ó ní, "Alàgbà, ẹ̀rín tí ẹ rín mi, ṣé ẹ rántí?" Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yíjú, ó ń lọ. Bàbá fi ọwọ́ di òpó ṣọ́ọ̀bù mú.

Ilé odídẹrẹ́ ni Ìwó, ọ̀rọ̀ kì í sùn síta níbẹ̀. Kí ọyẹ́ tó lọ, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ pé lẹ́tà Bàbá Onílẹ́tà ló gé ẹ̀mí ọmọ Ìyá Dúró. Àwọn ìyá ń gbé àpótí ọmọ wọn padà wá. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wá mọ́, wọ́n gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé kan tó ń fi ọwọ́ kọ ọ́ gbágungbàgun. Àlàájì onílọ́rí náà wá, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Bàbá, èmi ò sọ pé ẹ ṣe nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìbàdàn ò dára. Ẹ bá mi dí i."

Bàbá ní àwọn ò ní dí i.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè pa á mọ́ra. Nígbà tí Àlàájì lọ, mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń jà fún gan-an? Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wa! Ọ̀dà díẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè!"

Wọ́n wò mí. Ojú wọn ti jìn wọnú. "Rájí, bí mo bá dí i fún ẹnikẹ́ni báyìí, mo ti gbà nìyẹn pé èmi ni mo pa á."

Mo padà sídìí páànù mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ń jẹ ọ̀gá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ń bọ́. Wọ́n á gé lẹ́tà dé ibi afárá, ọwọ́ wọn á dúró. Wọ́n á máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí wọ́n gé O kan yípo láìfi afárá sílẹ̀, àwọn tó kọ́ mi. Ojú O náà já bọ́, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ ṣà á.

Wọ́n lọ sílé Ìyá Dúró láti bẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú yàrá, ó kígbe síta pé, "Ẹ sọ fún wọn pé mi ò sí nílé." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò níwájú, ó lọ ń jókòó lẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn, bí ọ̀gá mi bá sì dìde láti gbàdúrà, á jáde síta. Àwọn àgbà ìjọ dá sí i, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe oko kókó lọ́nà Olúpọ̀nnà bẹ̀ ẹ́ pé ikú Ọlọ́run ni. Ó ní bó bá jẹ́ ikú Ọlọ́run ni, kí Ọlọ́run wá sọ ọ́ fún òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà jíjìn, tí kò rí òkú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di nǹkan kan mú.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ nígbà tí àpótí náà dé. Mo lọ sàmì sí àpò ní ibùdókọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru ẹrù níbẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Rájí, àpótí yín wà níbí o." Àwọn náà ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Wọn ò fẹ́ máa rí orúkọ náà, wọ́n ti fi àpò ìdọ̀họ bò ó, wọ́n fi okùn dì í yíká bí ẹni di ẹran. Mi ò tú u. Mo padà sílé, mo sọ fún ọ̀gá mi.

Wọ́n wá dìde, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, wọ́n da ọ̀dà dúdú díẹ̀ sínú agolo, wọ́n dé e. "Àwa la máa gbé e lọ fún un," ni wọ́n wí. "Mo sì máa dí i lójú rẹ̀. Bó bá fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo pa á, kó jẹ́ èmi."

A lọ gbà á ní ibùdókọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì la sì dé ilé Ìyá Dúró, èmi ni mo ru àpótí. Ó jókòó níwájú ilé, ó ń ká aṣọ. Bó ṣe rí i, ó mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò bò ó. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má gbé e wọlé," ó ní. "Síta níbẹ̀ yẹn."

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá lóṣòó tì í, àwọn, àgbà, níwájú ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n ṣí agolo ọ̀dà. "Mo wá dí i, ọmọ mi. Mo yẹ kí n ti dí i lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́," ni Ìyá Dúró wí. "Ta ni yóò gbé e? Ta lẹ fẹ́ dí i fún?" Kò dìde, ṣùgbọ́n kò lé wa.

Mo tú okùn. Mo fa àpò kúrò. Bàbá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, wọ́n nà án sí D, ọwọ́ wọn sì dúró sí afẹ́fẹ́. Mo rò pé ẹkún ni. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú lẹ́tà náà. Wọ́n tún ra èyí tó tẹ̀ lé e.

"Rájí, wá wò ó," wọ́n ní.

Mo bẹ̀rẹ̀. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi yíǹkì ilé-ìwé dí i, gbogbo rẹ̀, látorí D àkọ́kọ́ títí dé A tó gbẹ̀yìn. Ọ̀dà tiwa dúdú kirikiri, yíǹkì náà ṣú díẹ̀ sí àwọ̀ aró, ó sì ti ṣàn tẹ̀ lé ìlà igi níbi mélòó kan. Ó hàn pé ẹni tó ṣe é kò kánjú. Ó ti gbìyànjú kó má yọ síta.

Ìyá Dúró ti dé ẹ̀yìn wa kí n tó mọ̀. Ó ń wò ó.

"Èmi ni mo ní kó dí i," ó ní. "Lójú fèrèsé rélùwéè. Mo ní bó bá débẹ̀, kó wá nǹkan fi dí i nítorí tèmi. Ó ń fi mí ṣẹ̀rín. Mo rò pé kò ní ṣe é." Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé orúkọ náà. "Ó ṣe é. Ó dí i, ẹ ò rí i? Ọmọ yìí dí i!"

Orúkọ náà ti pé. Ó ti pé tipẹ́tipẹ́, kí yírùnyírùn tó wọ ọgbà wọn, ọmọ náà sì kú bẹ́ẹ̀. Mo wo ọ̀gá mi. Mo rò pé ọkàn wọn á fúyẹ́, nítorí kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn mọ́. Omijé ń bọ́ lójú wọn bí òjò.

"Ìbá sàn kó jẹ́ èmi ni," wọ́n ní. "Ìbá sàn bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Wàá ṣì rí ẹni bá wí."

Ìyá Dúró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹsẹ̀ nínà, bí ọmọdé. "Bàbá," ó ní, "ta ni mo wá fẹ́ máa bá jà báyìí?"

Bàbá dé agolo ọ̀dà náà. A jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi ń pèrun alẹ́, kò sì sí ẹni tó ní kí n dìde lọ kírun. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Dúró padà ń kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi bó bá ń kọjá, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bínú, ó ṣì ń jẹun, ó ń tajà, ó ń rìn gan-an. Lẹ́yìn tí ìbínú lọ ló tó rù. Ìyẹn ni mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi nípa ọ̀fọ̀, àfi bí mo ṣe fojú ara mi rí i.

Bàbá Onílẹ́tà ò gé lẹ́tà mọ́. Wọ́n kó ọ̀bẹ, òòlù àti gbogbo páànù wọn fún mi, wọ́n ní ojú ló ń dun àwọn. Irọ́ ni. Wọ́n a máa wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa wo bí mo ṣe ń gún ọ̀dà, bí mo bá sì ti gbé páànù kúrò, wọ́n á wo ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó papò dà: "Rájí, ìyá tó bá ní kó o dí i, dí i. Má bi í ní ìbéèrè, má sì rẹ́rìn-ín."

Mo sì ń dí i. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà, búrọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn wà lápò mi. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń ráhùn pé mò ń ba lẹ́tà tó rẹwà jẹ́. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n gbé ẹnu wọn sọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé kò dí ọ̀nà ikú. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ṣùgbọ́n ìyá tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ síbi tí ojú rẹ̀ ò tó, ó tọ́ kó rí nǹkan kan tó pé.

Ìyá kan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé Dúródọlá wọ ilé-ìwé tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àpótí kan náà ni ìyá rẹ̀ gbé wá. Ó ní kí n kọ ti ọmọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n má fọwọ́ kan ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gún ọ̀dà, mo gbé páànù kúrò, mo sì yọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré láti dí àlàfo rẹ̀ láìjẹ́ kó bẹ̀ mí.

Ìyá Dúró di ọwọ́ mi mú.

"Fi sílẹ̀, Bàbá Sìkírá," ó ní. "Ibẹ̀ ni mò ń ṣọ́ nígbà yẹn. Ibẹ̀ kọ́ ni ikú gbà wọlé."

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì náà padà sápò.